Ìyá ọkọ mi dárúkọ òrìṣà lórí oyún mi, mo sì ṣe àmín

Obìnrin kan tó ń gbé ní Lágere nílùú Ilé-Ifẹ̀ ló kọ ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Mo gé e kúrú díẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà ni: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Oyún oṣù márùn-ún ló wà nínú mi, àkọ́kọ́ ni. Nígbà tí a lọ kí ìyá ọkọ mi, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi nínú, wọ́n ní 'Kí òrìṣà ya ọ̀nà ire kò wá o.' Mo ṣe àmín, nítorí ẹni tó ń ṣàdúrà fún ni kì í ṣe ọ̀tá ẹni. Nígbà tí mo sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ àdúrà wa, arábìnrin kan ní mo ti fi ẹnu ara mi fa ọmọ mi lé òrìṣà lọ́wọ́, ó ní kí n gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Láti ìgbà náà ni oorun ti dá lójú mi. Orúkọ ìdílé ọkọ mi tún ni Òrìṣàgbèmí, ọkọ mi sì fẹ́ kí a yí i padà kí ọmọ tó dé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni òrìṣà gan-an? Ṣé òrìṣà, Èṣù àti Sàtánì, nǹkan kan náà ni wọ́n? Ṣé mo ti ṣẹ̀ ni?"

Ọmọ mi, à á gbọ́ ohùn ìyá, à á gbọ́ ohùn ọmọ. Tẹ̀rù-tẹ̀rù ni o fi kọ ìwé yìí, mo sì rí i pé ìbéèrè mẹ́ta ló so kọ́ra nínú rẹ̀: ohun tí ìyá ọkọ rẹ sọ, ohun tí òrìṣà jẹ́ lédè wa, àti ohun tí ẹ ó ṣe sí orúkọ ìdílé yín. Ọdún 33 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní èdè Yorùbá. Agbolé tí wọ́n ti ń bọ Òrìṣà ní Ifẹ̀ níbí ni wọ́n bí mi sí, ṣọ́ọ̀ṣì sì ni ìyá mi ń gbé mi pọ̀n lọ láti kékeré. Ilé méjèèjì ni mo mọ̀, n kò sì ní fi ìkankan ṣẹ̀sín fún ọ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ohun kan ṣe nínú ìwé rẹ, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

O kọ ọ́ pé "ya ọ̀nà". Kì í ṣe ọ̀nà tí à ń tọ̀ ni ìyá ń wí. Ọnà ni, ọnà tí wọ́n ń fín sára igbá, tí wọ́n ń gbẹ́ sára òpó àti ilẹ̀kùn ààfin. Ọmọ inú rẹ ni wọ́n ń wò bí igi tó ṣì wà lọ́wọ́ agbẹ́gilére: ojú kò tíì là tán, ìka ọwọ́ kò tíì yọ tán, etí ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé aboyún ni wọ́n ń kí bẹ́ẹ̀, wọn kì í fi kí ìyá ọlọ́mọ tuntun. Iṣẹ́ ti parí lára ọmọ tuntun. Ohun tí ìyá gbé ọwọ́ lé ọ nínú bẹ̀ ni pé kí ẹni tó ń gbẹ́ ọmọ yìí fara balẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ má yẹ̀, kó jẹ́ iṣẹ́ ọnà tó dára la ó bá pàdé lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀. "Kò wá" tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà, pàdé wa ni. N kò mọ àdúrà mìíràn tí Yorùbá ń ṣe fún aboyún tó dùn létí mi tó èyí, ó sì dùn mí pé láàárín ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń bímọ ló ti di ohun ẹ̀rù.

Òrìṣà wo wá ni? Ní Ifẹ̀, bí àgbà bá pe "Òrìṣà" lásán tí kò fi orúkọ kankan tì í, Ọbàtálá ló ń pè, ẹni tí à ń pè ní Òrìṣà-ńlá. Ìtàn wa ní òun ni Olódùmarè gbé amọ̀ lé lọ́wọ́ pé kó máa mọ ènìyàn, kó ṣe ojú, kó ṣe imú, kó ṣe ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Àmọ́ ìtàn yẹn náà ló pa ààlà fún un, àwọn tó ń bú òrìṣà kì í sì í dúró gbọ́ ààlà yìí. Bí Ọbàtálá bá mọ amọ̀ tán, ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ parí sí. Kò lè fi ẹ̀mí sí i. Olódùmarè nìkan ló ń fi èémí sínú amọ̀ kó tó di ènìyàn. Nítorí náà, lójú àwọn tó dá àdúrà yẹn sílẹ̀ pàápàá, òrìṣà kì í ṣe orogún Ọlọ́run. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni, tó ń jíṣẹ́ fún ẹni tó rán an.

Ìyá tó bí bàbá mi, olórìṣà ni wọ́n. Aṣọ àlà ni wọ́n ń ró, ṣẹ́ṣẹ́-ẹfun ló wà lọ́rùn wọn, wọn kì í fi ẹnu kan ẹmu, ọbẹ̀ ìgbín tí wọ́n bá sè fún Òrìṣà kì í sì í ní iyọ̀. Lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Òrìṣà, kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á gbé ìkòkò kékeré kan tí wọ́n fi ẹfun kùn lára, wọ́n á lọ pọn omi. Omi àjípọn là ń pè é. Ẹni tó ń pọn ọ́n kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, omi náà kò sì gbọdọ̀ rú. Mo pàdé wọn lẹ́ẹ̀kan, bóyá ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ìrì, mo ní "Ẹ káàárọ̀ o, ìyá àgbà." Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni tí kò rí mi, agogo kékeré ọwọ́ wọn ń dún lọ. Mo sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí wọ́n gbé omi kalẹ̀ tán, wọ́n pè mí, wọ́n fi ọwọ́ tútù pa mí lórí, wọ́n ní omi yẹn ni Òrìṣà fi ń po amọ̀. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ lè bínú, ó lè parọ́, omi á sì rú, ọmọ tí wọ́n bá fi mọ náà á rú. Mo ti kàwé lẹ́yìn ìgbà náà, mo ti di àgbà, n kò sì gbàgbé. Obìnrin arúgbó tó pa ẹnu mọ́ láàárọ̀ kùtù nítorí àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí: ohun tí ọ̀rọ̀ náà "òrìṣà" kọ́kọ́ gbé wá sọ́kàn mi nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi pé ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà tún jẹ́ orúkọ ọ̀pọ̀. O ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé igba òrìṣà ó lé ọ̀kan, tàbí irinwó ó lé ọ̀kan. Kì í ṣe iye tí ẹnì kan jókòó kà. Igba àti irinwó ni pé wọ́n pọ̀. Ọ̀kan tó lé ni pé àyè ṣì ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀. Níbí ní Ifẹ̀, wọ́n máa ń sọ pé ọjọ́ kan péré lọ́dún ni wọn kì í bọ nǹkan kan. Wo àwọn tó wà nínú ọ̀wọ́ náà. Ṣàngó jẹ́ ọba ní Ọ̀yọ́ rí. Mọrèmi jẹ́ obìnrin Ifẹ̀ tó gba ìlú rẹ̀ sílẹ̀, òun là ń rántí lọ́dún Edì. Ọ̀ṣun, odò tó ń ṣàn ni. Ògún, irin ni, àgbẹ̀dẹ ni, ọdẹ ni, awakọ̀ ni. Orí tó wà lọ́rùn rẹ yìí náà, òrìṣà ni, tí wọ́n tilẹ̀ ń sọ pé kò sí òrìṣà tí í dá ni í gbè lẹ́yìn orí ẹni. Ọba, odò, irin, orí: kí ló pa wọ́n pọ̀? Ohun tí mo rí lẹ́yìn tí mo ti fi etí sí i fún ọjọ́ pípẹ́ ni pé òrìṣà ni Yorùbá ń pe ohun tí agbára Olódùmarè ti tipasẹ̀ rẹ̀ kan ayé wọn débi pé wọn kò lè máa kọjá lára rẹ̀ láìkí i. Ìyẹn ni n kò ṣe fara mọ́ àwọn tó ń túmọ̀ rẹ̀ sí ọlọ́run kékeré. Òyìnbó ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń fi lẹ́tà ńlá kọ fún Ọlọ́run, tí wọ́n sì ń fi lẹ́tà kékeré kọ fún gbogbo ohun tí wọ́n bá rí tí ẹlòmíràn ń bọ. Yorùbá kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run lédè wa kò ní kékeré. Ọ̀tọ̀ ni àpò tí a ti mú Olódùmarè, ọ̀tọ̀ ni èyí tí a ti mú òrìṣà.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó ń bá òrìṣà gbé tí àwọn ènìyàn ń dà pọ̀ mọ́ ọn. Irúnmọlẹ̀ wà, ẹbọra wà, imọlẹ̀ wà, orúkọ àwọn ẹ̀mí tí wọ́n ń bọ ni gbogbo wọn. Bí o bá dé Iléṣà, umọlẹ̀ ni wàá gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà Ìjẹ̀ṣà, bí wọ́n ṣe ń pe ilé ní ulé tí wọ́n ń pe iṣu ní uṣu. Mo ti gbọ́ oníwàásù tó dúró lórí àga ìwàásù tó ní "ìmọ́lẹ̀" àti "imọlẹ̀" jẹ́ ọ̀kan náà, mo tún ti gbọ́ ẹni tó fi imọlẹ̀ pe Ìmàle. Ẹni tó bá fetí sí ohùn kò ní ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ère náà kì í ṣe òrìṣà. Igi ni ère, gbẹ́nàgbẹ́nà ló gbẹ́ ẹ, bí ikán bá sì jẹ ẹ́ tán, wọ́n á gbẹ́ òmíràn, kò sẹ́ni tó máa sọ pé òrìṣà ti kú. Bákan náà ni "bọ òrìṣà" kì í ṣe "bọ́ òrìṣà". Ọmọ là ń bọ́, ewúrẹ́ là ń bọ́. Òrìṣà là ń bọ, bí a ti ń bọ orí.

Ibo ni ọ̀rọ̀ náà ti wá? Ìdáhùn méjì ló gbajúmọ̀. Èkíní ni ìtàn ẹrú Òrìṣà-ńlá, ẹni tí àwọn kan ń pè ní Àtúndá. Ó yí òkúta ńlá láti orí òkè lu ọ̀gá rẹ̀ nínú oko, ọ̀gá fọ́ sí wẹ́wẹ́, Ọ̀rúnmìlà ló wá ń ṣà á jọ sínú igbá. Wọ́n ní "ohun tí a rí ṣà" ló di òrìṣà. Èkejì ni ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Ìdòwú, ẹni tó kọ́ni nípa ẹ̀sìn ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó di olórí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Nàìjíríà. Ó ní "orí-ṣẹ̀" ni, orí tí gbogbo orí ti ṣẹ̀ wá. Mo fẹ́ràn méjèèjì. Èkíní jẹ́ kí a mọ bí òrìṣà ṣe pọ̀ tó sì tún jẹ́ ọ̀kan, èkejì so ó mọ́ orí. Ṣùgbọ́n n kò lè fi ìkankan búra. Ohùn orí kì í ṣe ohùn òrì, fáwẹ̀lì tó wà lẹ́yìn ṣẹ̀ kì í ṣe ti ṣà, ìtàn rí-ṣà sì jọ ìtàn tí wọ́n hun yí ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé òun mọ gbòǹgbò òrìṣà dájú, yálà láti yìn ín ni tàbí láti bú u, rọra máa gbọ́.

Ohun tó dá mi lójú ju gbòǹgbò lọ ni bí a ti ń lò ó. Bí àlùfáà ìjọ yín bá wọ ààfin lọ kí Ọọ̀ni lọ́la, yóò ní "Kábíyèsí, aláṣẹ, èkejì òrìṣà." Ìmáàmù á sọ ọ́, gómìnà á sọ ọ́, kò sí ẹni tó máa gbààwẹ̀ lé e lórí. Oyè náà ní kíkún pàápàá, Ọọ̀nirìṣà ni, òrìṣà wà nínú rẹ̀. Bí ìyá bá kú, ọmọ á ní "Òrìṣà bí ìyá kò sí." Mo ti kà á lára ìwé ètò ìsìnkú nínú ṣọ́ọ̀ṣì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, lábẹ́ àwòrán ìyá tó ti jẹ́ olórí ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ. Ohun tí ọmọ yẹn ń wí ni pé kò sí ẹni tó tún lè dá mi dúró, tó lè rù mí, tó lè bò mí bí tìyá mi. Bí ènìyàn bá fẹ́ràn owó ju ẹ̀mí rẹ̀ lọ, à á ní ó ti sọ owó di òrìṣà àkúnlẹ̀bọ. Àgbẹ̀ á sọ fún ọmọ tó ń fi ọjọ́ òní pe ọ̀la pé òrìṣà tí ń gbe ọ̀lẹ kò sí, apá ẹni ní ń gbeni. Obìnrin tí kò fẹ́ orogún á bá obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ wò, á ní "Òrìṣà, jẹ́ n pé méjì, obìnrin kò dénú."

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni "Òrìṣà, bí o kò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ti bá mi." Mo gbọ́ ọ ní nǹkan bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn níbi tí mekáníìkì kan ti ń ṣiṣẹ́ ní apá Mayfair. Láàárọ̀ ni onímọ́tò gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá pé iná iwájú kan kò tàn. Ìgbà tó fi di ọwọ́ ọ̀sán, ẹ́ńjìnì pàápàá kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó jókòó sórí táyà, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó wí i, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló lóye rẹ̀. Kò sí ẹni tó rò pé ó ń bọ mekáníìkì. Òrìṣà nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni ẹnikẹ́ni tí a gbé ara wa lé lọ́wọ́ tó sì yẹ kó gbè wá. Wo bó ṣe jẹ́ pé ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nínú orúkọ ìdílé ọkọ rẹ náà ló wà níbẹ̀: gbè. Ọ̀rọ̀ méjì yẹn ti jọ ń rìn látayébáyé. Òrìṣà gbè é. Orí gbè é.

"Ẹni òrìṣà" tún wà. Àfín, abuké, arọ, aràrá, ẹni òrìṣà là ń pè wọ́n, nítorí ọwọ́ Ọbàtálá ni wọ́n ti wá bẹ́ẹ̀, òun ló sì ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ ààbò ni. Ìyá àgbà mi kò jẹ́ kí ọmọ kankan nínú agbolé wa fi àfín ṣẹ̀sín. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń gba àdúrà ìyá ọkọ rẹ sí pé kí ọmọ má rí bí ti àwọn wọ̀nyí. N kò gbà bẹ́ẹ̀, torí ẹni tí a bá pè ní ti òrìṣà, ọnà ni òun náà. Bẹ́ẹ̀ ni wàá gbọ́ "Òrìṣà òkè, dá mi lóhùn" lẹ́nu ẹni tó ń ké pe Ọlọ́run tó ń sìn lọ́jọ́ Àìkú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo èyí, ẹnu tó ń sọ ọ́ àti ohun tó fẹ́ fi ṣe ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Níbo wá ni ìbẹ̀rù rẹ ti wá? Inú ìwé ló ti wá, mo sì ń sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí ìwé yẹn ni mo fi kọ́ bí a ti ń kà. Nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ń túmọ̀ Bíbélì, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, wọ́n nílò ọ̀rọ̀ Yorùbá fún àwọn ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè tó yí Ísírẹ́lì ká ń bọ. Òrìṣà ni wọ́n mú. Nígbà tí onísáàmù ní Sáàmù 96 fi wí pé asán ni gbogbo òrìṣà àwọn orílẹ̀-èdè, àwọn òrìṣà Kénáánì ló ń bú. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tó bá kà á, omi àjípọn ìyá àgbà rẹ̀ ló máa rí. Wọ́n nílò ọ̀rọ̀ fún ọ̀tá ọkàn pẹ̀lú, wọ́n mú Èṣù. Èṣù tí Yorùbá mọ̀ kó tó di ìgbà yẹn ń gbé ẹbọ dé ibi tí ẹbọ ń lọ, ó ń dúró ní oríta, ó lè da ọ̀rọ̀ rú fún ẹni tí kò kọbi ara sí i, àmọ́ kò bá Olódùmarè jà rí. Àwọn bàbá wa ń sọ ọmọ wọn ní Èṣùbíyìí. Ta ló máa sọ ọmọ ní Sàtánì? Nítorí náà, ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ ni pé rárá, àwọn mẹ́ta kì í ṣe nǹkan kan náà. Èṣù jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn irúnmọlẹ̀. Sàtánì kò sí nínú ìtàn Yorùbá, ìtàn mìíràn ló ti wá. N kò dá àwọn atúmọ̀ lẹ́bi. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, ohun tó wà nílẹ̀ ni wọ́n lò. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ìtumọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ lè yí padà kó sì wúlò níbi tuntun. Àdúrà, wòlíì, àlùfáà, ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni a ti gba àwọn wọ̀nyí, ẹ sì ń lò wọ́n nínú ẹgbẹ́ àdúrà yín. Ẹbọ wà nínú Bíbélì rẹ, ẹ ń rú ẹbọ ọpẹ́. Ọ̀sẹ̀ tí à ń kà yìí, ọjọ́ tí olúkúlùkù yà sọ́tọ̀ fún òrìṣà rẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ rí, gẹ́gẹ́ bí ìyá àgbà mi ti ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tiwọn.

Síbẹ̀, n kò ní sọ fún ọ pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Ìyẹn náà yóò jẹ́ irọ́, yóò sì jẹ́ àìbọ̀wọ̀. Àwọn kan wà nílùú yìí, nínú ojúbọ Ọbàtálá, nínú agbolé, ní Òkè Ìtasẹ̀, tí òrìṣà jẹ́ ìsìn wọn, kì í ṣe òwe. Wọ́n ń bọ ọ́, wọ́n ń gbàdúrà sí i, ó ń gun ẹlẹ́gùn wọn. Àwọn kan ń ti Brazil àti Cuba wọ Ifẹ̀ wá nítorí ọ̀rọ̀ kan náà yìí, èyí tí wọ́n ń kọ ní orixá àti oricha. Bí ìyá ọkọ rẹ bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ó gbà gbọ́ pé Òrìṣà ń gbọ́ òun, ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé ló sì fa ọmọ-ọmọ rẹ̀ lé lọ́wọ́. O kò sọ fún mi bóyá ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lọ, mọ́ṣáláṣí ni, tàbí ojúbọ. Bí wọ́n bá jẹ́ onígbàgbọ́, mo lè sọ pẹ̀lú ìdánilójú pé àdúrà tí ìyá wọn fi kí wọn ni wọ́n fi kí ìwọ náà, Ẹlẹ́dàá ni wọ́n sì ní lọ́kàn. Bí wọ́n bá jẹ́ olórìṣà, ìfẹ́ ni wọ́n fi hàn ọ́ lédè tó wọ̀ wọ́n lára jù.

Ṣé o ti ṣẹ̀? Ní ti èdè, ire ni o ṣe àmín sí. Ọnà ire. Ibi tí ìmọ̀ tèmi mọ nìyẹn. Ohun tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ láàárín ìwọ àti Ọlọ́run rẹ, olùkọ́ èdè kò ní àṣẹ láti pinnu rẹ̀. Mú un lọ bá pásítọ̀ tó máa jókòó gbọ́ gbogbo àlàyé, má fi í sílẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tó sì fò. Àmọ́ ní ti ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, mo bẹ̀ ọ́ bí ọmọ mi: má ṣe dáwọ́ lé e pẹ̀lú oyún oṣù márùn-ún láìjẹ́ pé àwọn nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ mọ̀ sí i. Ọmọ yẹn ń jẹun láti ara rẹ.

Ó wá ku orúkọ. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé kan, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi tó ń jẹ́ Òrìṣàdàre. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní bàbá ojúbọ. Ó wá bá mi, ó ní kí n kọ ọ́ ní Olúdàre. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì rò pé oore ni mo ń ṣe. Mo fi ọwọ́ ara mi fa igi lé orúkọ náà nínú ìwé ìpelórúkọ, mo kọ tuntun sórí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, bàbá rẹ̀ dé. Kò bínú. Ó ṣí fìlà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kan ìyá tó bí bàbá òun, wọ́n lé e kúrò nílé pẹ̀lú oyún, ọjọ́ tí ẹni tó parọ́ mọ́ ọn fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ni wọ́n bí ọmọ náà. Wọ́n ní òrìṣà ti dá a láre. Ìlà kan tí mo fà pẹ̀lú bírò, ìdáláre ìyá àgbà yẹn ni mo pa rẹ́. Mo bẹ bàbá náà, mo dá orúkọ padà, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi títí dòní.

Nítorí náà, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀ tí wọ́n fi ní òrìṣà gbè wọ́n. Ẹnì kan nínú ìdílé yín wà nínú ewu, ó sì yè. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè yí i padà o, ọ̀pọ̀ ti ṣe é, wọ́n ti di Olúgbèmí tàbí Jésùgbèmí, ẹ̀tọ́ yín ni. Àwọn mìíràn gé e sí Gbèmí lásán; èmi kò fẹ́ràn ìyẹn, torí ó di ọ̀rọ̀ tí kò sọ ẹni tó gbeni. Bí ọkàn ọkọ rẹ kò bá lè gbà á rárá pé kí ọmọ rẹ̀ jẹ́ orúkọ yẹn, kó yí i padà ju kó máa tijú rẹ̀ lójú ọmọ. Àmọ́ kó mọ ohun tó wà níbẹ̀: ìwé ìbúra ní kóòtù, ìkéde nínú ìwé ìròyìn, ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé, báńkì, nọ́ńbà ìdánimọ̀, gbogbo rẹ̀ ló máa tún ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ yóò sì máa jẹ́ orúkọ àtijọ́. Lọ́jọ́ tí ìdílé bá jókòó lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ní Ifẹ̀ wa níbí tí a mọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe rí, ẹni tí orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ lórí ìwé ló máa ń kọ́kọ́ ṣàlàyé ara rẹ̀. Ọ̀nà kẹta wà tí mo rò pé ó rọrùn jù: ẹ fi orúkọ ìdílé sílẹ̀ bó ti wà, kí ẹ sì sọ ọmọ yín ní orúkọ tí ìgbàgbọ́ tiyín fẹ́. Òun ni wọ́n máa fi pè é lójoojúmọ́.

Bí o bá tún ń lọ kí ìyá ọkọ rẹ, mú ọkọ rẹ dání. Kó béèrè lọ́wọ́ wọn, kó tó gba kóòtù lọ, ta ni òrìṣà gbè nínú ìdílé wọn àti lọ́wọ́ kí ni. Ìwọ náà, béèrè ẹni tó gbé ọwọ́ lé wọn nínú nígbà tí wọ́n lóyún ọkọ rẹ, àti ohun tí ẹni náà wí.